Oríkì Èéfín, Oríkì Gọ́tà Dídí

Ẹni tó ṣe rere, a máa ń kì í. Ẹni tó ṣe ibi náà, a máa ń kì í, torí oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Ohun tí èèyàn ṣe la kó jọ tí a sọ di orúkọ, tí a fi ń pè é lójú ọjà kí ó lè yíjú wo ara rẹ̀. Bí apẹ̀sà bá dúró lẹ́yìn eégún ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́, ọlá baba rẹ á jáde, àbùkù rẹ náà á jáde tẹ̀lé e, ìlù ò sì ní dákẹ́. Àwọn kan ni mo wá kì lónìí. Ìyìn ò yẹ wọ́n, oríkì ni wọ́n á gbọ́. Gbogbo orúkọ tí mo bá pè wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Ìbà Ọ̀ràngún, ọmọ Odùduwà.
Ìbà Ìlá Yàrà, ibi tí a ti ṣí wá.
Ìbà Ìlá-Ọ̀ràngún, ìbà Òkè-Ìlá,
ọmọ ìyá méjì tó pínlé, tí wọn ò pín orúkọ.
Ìbà Ogbó, àdá tó ń ṣáájú,
Ogbó tó mọ̀nà tí a fi ń jẹ́ Ìgbómìnà.
O la igbó nígbà tí igbó ò tíì gbọ́ ohùn èèyàn.
Ọ̀nà tí mo ní kí o bá mi wá lónìí ò jìnnà tó yẹn:
ọ̀nà tí omi òjò máa gbà kọjá níwájú ilé láì wọlé,
ọ̀nà tí atẹ́gùn tó mọ́ máa gbà wọ àyà ọmọdé.

Èéfín, ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí.
Èéfín ọkọ̀, ọmọ bẹntiróòlù, ọmọ dísẹ̀lì,
ọmọ ríńgì tó ti jẹ nínú ẹ́ńjìnì, tí ọlọ́kọ̀ ò rówó pààrọ̀.
Èrò tí kì í sanwó ọkọ̀,
tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, tó sì máa ń kẹ́yìn kúrò ní gárèjì.
Bí nósù bá bàjẹ́, o dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Bí ẹ́ńjìnì bá ń mu ọ́ìlì, o rí bí eérú, o fi búlúù díẹ̀ sára.
Bí o ò bá wá ní àwọ̀, tí o ò ní òórùn,
ìgbà náà ni mo bẹ̀rù rẹ jù:
ìwọ lo wọ yàrá ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tilẹ̀kùn sùn,
o ò kanlẹ̀kùn, o ò kí onílé,
ilẹ̀ mọ́, onílé ò jí.
Aládùúgbò imú ọmọdé, mo kí ọ.

Mo pè é ní aládùúgbò imú ọmọdé nítorí ohun tí mo fojú ara mi rí. Láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé kan ní Ìlá, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè. Agbégilódò kan ń bọ̀, igi gẹdú mẹ́ta ló dì sẹ́yìn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ké bí ẹni tí ẹrù fẹ́ wọ̀ lọ́rùn. Bí dẹ́rẹ́bà ṣe yí jíà, ọkọ̀ náà tu èéfín dúdú kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ki tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ògiri tó wà lódìkejì títì mọ́. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó ń lọ síléèwé wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ojú wá là díẹ̀, mo rí i pé ẹnu sàlẹ́ńsà ọkọ̀ náà àti imú èyí tó kéré jù nínú wọn, gíga kan náà ni wọ́n. Èyí àgbà ti fi etí híjáàbù rẹ̀ bo imú àbúrò rẹ̀. Kò tiẹ̀ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, bí ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ní 2012, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó fi híjáàbù bo imú àbúrò rẹ̀ ò ka ìwé kankan kí ó tó mọ̀ pé ohun burúkú ló ń bọ̀ yẹn.

Tòkúnbọ̀, mo kí ìwọ náà,
torí o pẹ̀lú àwọn ìyá tó bí Èéfín.
Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tó padà wálé la fún ọ,
a fi ìfẹ́ sọ ọ́ lórúkọ.
Wọ́n lò ọ́ títí o fi ń wú ikọ́ ní ìlú àwọn tó ṣe ọ́,
òfin wọn lé ọ kúrò ní títì,
o wọkọ̀ ojú omi, o gúnlẹ̀ sí Kútọnu, o gúnlẹ̀ sí Àpápá,
a pa máàlù, a dúpẹ́, a so rọ́sárì àti tẹ̀sùbáà mọ́ dígí iwájú rẹ.
A ò bi ọ́ léèrè ohun tó wà nínú àyà rẹ.

Láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kékeré ló jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan lọ sí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe kọ ọ́ ní 2020. Nínú ọkọ̀ 100 tó jáde, 40 ló wá sí Áfíríkà. N kò bá ẹni tó ra tòkúnbọ̀ jà o. Kí ni ẹni tí owó rẹ̀ ò tó tuntun ì bá ṣe? Ṣùgbọ́n mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, ọ̀gá ibẹ̀ sì fi sípánà lu ìdí bọ́ọ̀sì kan kí n lè gbọ́. Ó dún gbàǹgbàlà bí agolo tó ṣófo.

“Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n? Wọ́n ti yọ inú ẹ̀ tà.”

Ohun tí wọ́n yọ yẹn rí bí afárá oyin, irin olówó iyebíye bíi plátínọ́ọ̀mù ló wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ májèlé inú èéfín di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ kó tó jáde síta. Àwọn tó ń rà á kiri mọ iye rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè má mọ̀ rárá pé ohunkóhun ti kúrò lára ọkọ̀ òun, torí ọkọ̀ á ṣì máa rìn. Mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì náà bóyá ẹnikẹ́ni ti wá wo irú èyí rí, bóyá láti káńsù tàbí láti ibòmíràn. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lára àkísà, ó ní, “Kí ni wọ́n fẹ́ wá wò níbí, ẹ̀gbọ́n?” Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni.

Epo tí a ń rà náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Imí ọjọ́ tó wà nínú epo ń ba afárá yẹn jẹ́, ó sì ń mú kí èéfín ta èèyàn lọ́fun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin wa ní Nàìjíríà fàyè gba dísẹ̀lì tó gbé imí ọjọ́ tó 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí Yúróòpù ti sọ tiwọn di 10. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2016, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire pàdé ní Àbújá, wọ́n fẹnu kò pé kí ó má kọjá 50 mọ́. Ìpinnu tó dára ni. A ti lé ọ̀kan lára ẹbí yìí lọ rí, ìyẹn òjé. Ní 2001 ní Dakar ni àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà fohùn ṣọ̀kan láti yọ òjé kúrò nínú bẹntiróòlù, nígbà tí 2006 sì fi bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé kò sí bí a ṣe lè kápá Èéfín, mo máa rán an létí òjé.

Ẹ jẹ́ n dárúkọ ọmọ kan, torí bí a bá ń kì Èéfín, ó yẹ kí a dárúkọ ẹni tó pa. Ella Adoo-Kissi-Debrah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 9, ilé wọn wà ní Lewisham ní London, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Títì tó kún fún ọkọ̀ kò jìnnà sí ilé wọn rárá. Ikọ́ fée ṣe é títí ó fi kú ní 2013. Ìyá rẹ̀, Rosamund, ò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú kọ ọ́ sílẹ̀ pé èérí afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó pa á. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ní Bìrìtéènì. Ní 29 oṣù Ògún 2023, gbogbo káńsù London bọ́ sábẹ́ òfin tó ń gba owó £12.50 lóòjọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ jù. Inú àwọn káńsù kan ò dùn sí i, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n pàdánù. Mélòó la ti sin nílé tí a kọ “ikọ́” tàbí “àyànmọ́” sórí ikú rẹ̀?

Gọ́tà, ó kàn ọ́.
Gọ́tà, ọ̀nà ọ̀fun ìlú,
ìwọ tí wọ́n gbẹ́ fún omi, tí o gba àlejò mìíràn.
Gọ́tà a-jẹun-má-gbé-e-mì.
Mo tẹ̀ba, mo wo ẹnu rẹ, mo ka ohun tí o jẹ:
ọ̀rá omi tí ọmọ iléèwé fi eyín ya,
ike ẹlẹ́rìndòdò, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹ́ adìẹ,
sílípáàsì ẹsẹ̀ kan tí ẹnìkejì rẹ̀ ṣì wà nínú ilé,
ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà nù ní ṣọ́ọ̀bù,
iyanrìn tí àgbàrá ọdún tó kọjá gbé wá,
àti bébà kékeré kan, ó pupa, òmíràn àwọ̀ ewé,
tí wọ́n já láti ara ìdì.

Bébà kékeré yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Tíkẹ́ẹ̀tì ni. Láàárọ̀, kí ọlọ́kadà tó gbé èrò àkọ́kọ́, ẹnì kan á dá a dúró lẹ́nu gárèjì, á já tíkẹ́ẹ̀tì fún un, á gbowó. Onímáruwà á gba tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì á gba tirẹ̀. Ọ̀sán ò ní tíì pọ́n tí bébà náà á fi bọ́ lápò, atẹ́gùn á gbé e, gọ́tà á sì gbé e mì. Ìwé tí a fi gbowó lọ́wọ́ Èéfín la wá fi ń dí ọ̀nà omi. Mo ṣa mọ́kànlélógún níbi tí kò gùn ju ìbú ṣọ́ọ̀bù kan lọ, omi ti pa òǹkà ara wọn rẹ́.

Ẹ tún wo ibi tí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dúró sí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Nínú gbogbo àwọn tó ń gbowó ní orúkọ ìjọba ní ilẹ̀ yìí, láti Àbújá títí dé Òṣogbo, kò sí ẹni tó sún mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà tó o. Ó mọ ọkọ̀ tó ń tu èéfín. Ó mọ dẹ́rẹ́bà rẹ̀ lórúkọ. Èéfín náà ń wọ òun fúnra rẹ̀ nímú láti aago mẹ́fà àárọ̀. Bí ẹnì kan bá lè sọ fún ọlọ́kọ̀ pé “ọ̀gá, ẹ lọ tún nósù yín ṣe kí ẹ tó gbé èrò lọ́la”, òun ni. Ṣùgbọ́n owó nìkan ni wọ́n rán an.

Àgbàrá, mo kí ọ, ọmọ òjò, àbúrò ìkún omi.
Àgbàrá tí kò lóun ò nílé wó,
àfi bí onílé bá ní òun ò gbà.
O sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, o sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.
Omi Ayíkúnugbá ní Òkè-Ìlá mọ ibi tí òun ń gbà já bọ́,
láti ayébáyé ló ti ń gba ibẹ̀, kò wọlé ẹnikẹ́ni.
Ìwọ la dí ọ̀nà mọ́, ìwọ lo wá ń kan ilẹ̀kùn.
Òpópónà ni ọ́ ní àárọ̀, odò ni ọ́ ní alẹ́.
O wọ Ìbàdàn ní 1980, Ògùnpa ru, ìlú sunkún.
O padà wọ ibẹ̀ ní 26 oṣù Ògún 2011,
o kó ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ ní ọjọ́ kan.
O wọ Òṣogbo ní 2010.
Ní Accra, ní 3 oṣù Okúdù 2015, ìwọ àti epo ọkọ̀ pàdé,
omi gbé bẹntiróòlù jáde nílé epo, iná ràn lórí omi,
àwọn tó sá wọ ilé epo nítorí òjò ni iná náà jó,
ó lé ní àádọ́jọ èèyàn.
Ní 2022, o rìn káàkiri Nàìjíríà, o kó èèyàn tó lé ní 600.

Tèmi ò dé inú ìwé ìròyìn. Ní ọdún kan tí mo wà lọ́mọdé, kọ́fátì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá ìyá mi dí. Ilé alámọ̀ ni. Òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, omi yà kúrò lójú gọ́tà, ó dúró sí ìdí ògiri, kò ṣe ariwo kankan. A ti ń sùn. Lóru, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn mẹ́ta bá jọ sọ àpò gàrí kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ògiri yàrá màmá ni. Ìta ló ṣubú sí, Ọlọ́run ló yọ wá, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀dì màmá wà níbẹ̀ lójú ayé, gbogbo àdúgbò rí àpótí aṣọ rẹ̀. Wọ́n tò yí i ká, wọ́n ń kí i kú ewu. Ìtìjú ni màmá fi gba ìkíni náà. Ó wọ́ aṣọ ìbora sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹ dáadáa, bí ẹni pé àlejò wọlé láì sọ tẹ́lẹ̀.

Èéfín àti Àgbàrá ò jìnnà síra wọn. Èéfín tó gòkè lọ wà lára ohun tó ń há ooru mọ́ ayé, bẹ́ẹ̀ ni bí ooru afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì kan lé sí i, ó lè gbé omi tó tó 7 nínú 100 lé orí èyí tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá wá tú u sílẹ̀, òjò tó yẹ kó rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lè rọ̀ láàárín ọ̀sán sí alẹ́. Èéfín Ìlá kéré nínú ti ayé, mo mọ̀. Omi tó ń wọ ilé ní Ìlá ò kéré.

Káńsù, ìwọ ni mo gbé sẹ́yìn, torí ìwọ lọ̀rọ̀ bá wí jù.
N kò dárúkọ ìlú rẹ.
774 irú rẹ ló wà ní Nàìjíríà, 30 ní Ọ̀ṣun.
Èyí tí ọ̀rọ̀ yìí bá ta sí lára, òun ni mo ń kì.
Káńsù a-já-tíkẹ́ẹ̀tì-má-yọ-gọ́tà.
Káńsù a-kun-sẹkitéríàtì-lọ́dà, kọ́fátì ń wó lẹ́yìn rẹ̀.
Káńsù tó mọ ọ̀nà gárèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
tó gbàgbé ọ̀nà àdúgbò nígbà òjò.
Ọmọ wolé-wolé tó jogún fìlà, tí kò jogún ojú.
Àwọn baba rẹ máa ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀,
ìyá mi máa ń gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, á gbá ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mejì.
Ta ló ń gbá ẹ̀yìnkùlé nítorí rẹ?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ. Ojú ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà, iṣẹ́ káńsù ni. Kíkó ìdọ̀tí, iṣẹ́ káńsù ni. Ọjà àti gárèjì, iṣẹ́ káńsù ni. Láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, bárò àti ọmọlanke, káńsù ló ni ín. Láísẹ́ńsì mọ́tò ò sí níbẹ̀. Òfin èéfín ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ NESREA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007, tó ṣe òfin èéfín bẹntiróòlù àti dísẹ̀lì ní 2011. Ayẹ̀wò ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ VIO ti ìpínlẹ̀. Nítorí náà káńsù lè sọ pé Èéfín kì í ṣe ọmọ òun. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n gárèjì tí Èéfín ń gbé, ta ló ni ín? Ẹni tó ni ilé lè sọ fún àlejò pé kó pa ẹ́ńjìnì nígbà tó bá ń dúró de èrò. Ó lè sọ pé ọkọ̀ tó bá ń tu dúdú ò ní wọ ìlà títí mẹkáníìkì fi fọwọ́ sí i. Àkísà funfun kan lẹ́nu sàlẹ́ńsà fún ìṣẹ́jú kan á fi ohun tí ojú ń wá hàn. Kò gba ẹ̀rọ láti òkèèrè.

Mo mọ̀ pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 11 oṣù Agẹmọ 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Inú wa dùn. Èrèlé 2025 dé, ìjà àwọn olóṣèlú wọ àwọn sẹkitéríàtì káńsù ní Ọ̀ṣun, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n dá owó káńsù 30 dúró, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé lọ́pọ̀ oṣù nítorí ẹ̀mí wọn. Òjò ọdún náà ò dúró de ìdájọ́. Ó rọ̀ ní Igbe, ó rọ̀ ní Èbìbí, gọ́tà ò sì mọ ẹgbẹ́ tó wọlé. Ó dùn mí dé ọkàn. Àwọn tó ń du àga káńsù jà débi ikú, n kò gbọ́ kí ẹnì kan nínú wọn sọ pé nítorí gọ́tà ni òun ṣe ń du ú.

Bí káńsù bá sì jàjà ṣe iṣẹ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ á kó ṣọ́bìrì wá láàárọ̀, wọ́n á la gọ́tà, wọ́n á kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá sí etí gọ́tà, òkìtì òkìtì. Wọ́n á ya fọ́tò. Ọkọ̀ tí yóò kó o ò ní wá. Òjò á rọ̀ nírọ̀lẹ́, á sì gbé gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Òógùn àwọn ọmọ yẹn ló ń dùn mí jù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n ṣí ẹsẹ̀ bàtà kan ní gọ́tà kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, ju kí wọ́n ṣí máìlì kan kí wọ́n sì fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Bárò wà ní ìlú. Ọmọlanke wà. Òfin ní káńsù ló ń fún wọn ní láísẹ́ńsì. Àwọn ni ọkọ̀ tí kì í tu èéfín, tí ó sì lè wọ ibi tí tipa ò lè dé. Kí wọ́n san owó ojúmọ́ fún àwọn oníbárò láti Ẹ̀rẹ́nà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wá wo ohun tí àdúgbò á fi Káńsù pè.

Torí oríkì ṣeé pààrọ̀. Káńsù a-la-gọ́tà-kí-òjò-tó-dé, orúkọ yẹn ò tíì ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Káńsù a-dá-èéfín-dúró-lẹ́nu-gárèjì, òun náà ò tíì ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Gbogbo ohùn tí mo ní, mo máa fi kì ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Òjò ti ṣú lápá Òkè-Ìlá, atẹ́gùn ti ń gbé eruku. Bàbá kan láti agboolé tó dojú kọ tiwa ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ti wọ inú gọ́tà. Àdá rẹ̀ ti jẹ, ìdajì rẹ̀ ló kù, ó fi ń gé gbòǹgbò koríko tó so iyanrìn pọ̀, ó fi ọwọ́ ń kó o sínú bárò tó yá lọ́wọ́ aṣebúlọ́ọ̀kù.

“Bàbá, ẹ sinmi, àwọn káńsù á wá.” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló sọ ọ́ láti orí ọ̀kadà.

Bàbá ò dáhùn. Ọ̀kadà náà já lọ, èéfín rẹ̀ bọ́ sínú gọ́tà, ó bo bàbá mọ́lẹ̀. Ó wúkọ́, ó fi ọwọ́ di ògiri gọ́tà mú títí èéfín fi túká, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ku nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kó dé ẹnu kọ́fátì. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí ìwé yìí, ó fọ́n yíǹkì. Mo ń lọ wá ṣọ́bìrì.